Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ògiri Tó Ti Mumi, Ìgbà Wo La Lè Tún Un Rẹ́?

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ògiri tó ń rin pọ̀ gan-an. A mú mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ wọn wọnú ara wọn. Ẹni tí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá yé dáadáa, mẹ́ta tó kù kò ní ṣòro fún un.

Ìbéèrè: Páìpù omi tó gba inú ògiri ilé ìwẹ̀ wa jò fún bí oṣù 6 kí a tó mọ̀. Púlọ́ńbà ti pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 sẹ́yìn. Àmọ́ ògiri yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀dà wú, ó ń bó, nǹkan funfun bí iyẹ̀fun sì ń yọ lára rẹ̀ láti ilẹ̀ títí dé ìbàdí ènìyàn, ní gígùn bíi mítà 4. Bíríkìlà ní òun máa fọ́ ọ, òun á sì rẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan náà. Ṣé kí n gbà fún un? — Òǹkàwé kan, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó fọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Kó má rẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà. Bùlọ́ọ̀kù tó mumi fún oṣù 6 kò lè gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 2, tí wọ́n bá sì rẹ́ ẹ báyìí, ńṣe ni wọ́n dé omi náà mọ́lé. Omi á wá ọ̀nà jáde, á gbé iyọ̀ dání, ọ̀dà yín á sì tún wú. Owó ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù, ẹ rí i dájú pé omi ti dá lóòótọ́. Tó bá di alẹ́, ẹ kún táńkì òkè, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ inú ilé, kí ẹ sì fi máákà fa ìlà síbi tí omi dé nínú táńkì. Láàárọ̀, kí ẹnì kankan tó fọwọ́ kan omi, ẹ lọ wò ó. Bí omi bá ti sọ̀ kúrò lójú ìlà, páìpù kan ṣì ń jò níbì kan. Àyẹ̀wò yìí kò lè mú páìpù tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde, nítorí omi táńkì kì í dúró nínú ìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá ti fọ́ pílásítà tán tí bùlọ́ọ̀kù sì ti ṣí sílẹ̀, ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi 5 tàbí 6 sí ihò ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ léraléra, kí ẹ wá wo ògiri yàrá lọ́jọ́ kejì. Bí ojú bùlọ́ọ̀kù bá dúdú sí i, ẹ tún pe púlọ́ńbà.

Fífọ́ rẹ̀ náà ní bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ pa iná yàrá náà pátápátá, torí wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń gba inú ògiri kọjá, ògiri tó rin sì lè gbé iná. Ibi tí àbàwọ́n parí sí kọ́ ni kí wọ́n dá òòlù dúró. Kí wọ́n gun òkè kọjá rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán, nítorí iyọ̀ máa ń ga ju ibi tí ojú rí lọ. Fún ògiri tiyín, ìyẹn á tó mítà 1.2 láti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ìdí òòlù kan èyí tó kù jẹ́jẹ́. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo ti ya kúrò lára bùlọ́ọ̀kù, kó máa tẹ̀lé èyí tó ti lọ. Kí wọ́n fi ṣísẹ̀lì gé etí rẹ̀ kó tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á, torí etí tó bá rí wúruwùru ni yóò sán ní gbogbo ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́. Kí wọ́n ha símẹ́ńtì tó ti rà láàárín bùlọ́ọ̀kù wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 1. Kí wọ́n kó gbogbo àfọ́kù pílásítà náà jáde lọ́jọ́ náà. Iyọ̀ ló kún inú rẹ̀, bó bá dùbúlẹ̀ sídìí ògiri, yóò tún padà wọlé.

Ó yẹ ká tẹ́sẹ̀ dúró lórí funfun yẹn, torí òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju omi gan-an lọ. Iyọ̀ wà nínú ilẹ̀, nínú yanrìn, nínú símẹ́ńtì fúnra rẹ̀. Omi á yọ́ ọ, á gbé e wá sójú ògiri, omi á gbẹ lọ, iyọ̀ á kù. Bí iyọ̀ náà bá gbẹ lẹ́yìn ọ̀dà, á le bí òkúta wẹ́wẹ́, á sì máa ti ọ̀dà àti ojú pílásítà jáde. Irú iyọ̀ kan sì tún wà tó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ wo iyọ̀ tí a fi sílẹ̀ nínú abọ́ láìdé e lásìkò òjò, bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ra tí ó sì ń ṣomi. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lára ògiri. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi tún páìpù ṣe tán, tí ògiri sì tún ń rin ní oṣù kẹfà ọdún, tó wá rò pé púlọ́ńbà purọ́ fún òun.

Nítorí náà, ẹ má fi omi fọ iyọ̀ yẹn. Omi á yọ́ ọ padà sínú bùlọ́ọ̀kù. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni, èyí tó le, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kí ẹ lè kó ohun tó bá bọ́ dànù. Ẹ máa gbá ojú ògiri náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ funfun á pọ̀, lẹ́yìn náà á máa dín kù. Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá tí ohunkóhun kò yọ mọ́, iyọ̀ tó sún mọ́ ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ní ti gbígbẹ, ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni ìnṣì kan lóṣù kan. Bùlọ́ọ̀kù oní-ìnṣì 6 tó ń gbẹ láti ojú méjèèjì á lọ sí oṣù 3. Tiyín ní táìsì ní ẹ̀yìn, ojú kan ṣoṣo ló fi ń mí, ẹ retí pé ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn á ràn yín lọ́wọ́, òjò á fà á sẹ́yìn. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kọjú fáànù sí i, kí ẹ sì sún bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lẹ́bàá ògiri. Ẹ má ṣe dáná èédú síbẹ̀ kó lè tètè gbẹ. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn nínú yàrá.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gé ọ̀rá tí ó mọ́ gaara, sẹ̀ǹtímítà 45 ní ìbú àti òró, kí ẹ fi tépù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ bùlọ́ọ̀kù pinpin. Ẹ wò ó lẹ́yìn wákàtí 24. Bí ìrì bá sẹ̀ sí inú ọ̀rá, ní ìhà ògiri, omi ṣì ń bẹ nínú bùlọ́ọ̀kù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọ̀rá, ìhà yàrá, ni ìrì wà, afẹ́fẹ́ yàrá ló rin, ẹ túbọ̀ ṣí fèrèsé. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ó wá ku rírẹ́. Ògiri mítà 4 ní gígùn, mítà 1.2 ní gíga, pílásítà tó nípọn mìlímítà 15: bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà oní-20 lítà ni kí ẹ fi wọ̀n, símẹ́ńtì bọ́kẹ́ẹ̀tì 1, yanrìn pílásítà bọ́kẹ́ẹ̀tì 5. Mo ti ro èyí tó máa já bọ́ mọ́ ọn. Ẹ fi ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì símẹ́ńtì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì 1 sháàpù sáàǹdì (yanrìn tí kò kúnná) kún un fún ìpìlẹ̀ tí a ó kọ́kọ́ jù mọ́ ògiri. Àpò símẹ́ńtì 1 oní-50 kílò tó gbogbo rẹ̀, á tún ṣẹ́ kù díẹ̀. Bí bíríkìlà bá ní kí ẹ ra àpò 3, ẹ ní kó bá yín ṣírò rẹ̀.

Yanrìn ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ bu ú sínú ìgò gíláàsì dé ìdajì, ẹ da omi lé e kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí 3. Yanrìn á sọ̀ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á dúró lé e lórí. Bí ẹrẹ̀ náà bá ju ìdá kan nínú 12 gíga yanrìn lọ, yanrìn yẹn á sán lára ògiri bó bá gbẹ. Ẹ wá òmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wọ́n omi sí bùlọ́ọ̀kù díẹ̀. A ní kó gbẹ, a tún ń wọ́n omi sí i, ó lè dà bí ohun tó ta kora. Omi ojú lásán ni, tí bùlọ́ọ̀kù kò fi ní fa omi inú símẹ́ńtì tán kó tó mú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ po símẹ́ńtì 1 mọ́ sháàpù sáàǹdì 2 kó ṣàn bí ọ̀gì tó nípọn, kí bíríkìlà fi tíráwẹ́ẹ̀lì jù ú mọ́ ògiri kó rí ṣákiṣàki. Kó má fọwọ́ tẹ́ ẹ. Ṣákiṣàki yẹn ni pílásítà fi ń dì mọ́ra. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Símẹ́ńtì 1 sí yanrìn 5 ni kí ẹ wá po. Kí wọ́n po ó ní gbígbẹ títí yóò fi di àwọ̀ kan, kí wọ́n tó máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fi tíráwẹ́ẹ̀lì gé e, kó dúró, kó má ṣàn. Kí wọ́n po ìwọ̀n tí wọ́n lè lò tán láàárín wákàtí kan ààbọ̀. Èyí tó bá ti ń le, tí wọ́n da omi sí láti tún un jí, kò ní agbára mọ́. Ìpele kìn-ín-ní, mìlímítà 10, kí wọ́n fi ìṣó ya á lójú gbẹrẹgẹdẹ kó tó le. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó lẹ ìpele kejì tó jẹ́ mìlímítà 5, kí wọ́n fi réńjì (igi gígùn tó tọ́) fà á dọ́gba pẹ̀lú pílásítà àtijọ́. Bí ibì kan bá jìn ju mìlímítà 20 lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ dí i lọ́tọ̀, kó le, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Pílásítà tó nípọn lẹ́ẹ̀kan náà máa ń wó sọ̀ láti ọwọ́ òkè.

Ohun méjì wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ dúró tì í kí ẹ fojú ara yín rí. Àkọ́kọ́, kí pílásítà má kan ilẹ̀. Kí wọ́n fi àyè sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ wá fi pátákó tàbí táìsì etí ilẹ̀ bò ó. Omi tí ẹ bá fi nu ilẹ̀ ni pílásítà tó kanlẹ̀ máa ń fà sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Èkejì, ọ̀pọ̀ bíríkìlà máa ń fọ́n símẹ́ńtì gbígbẹ sójú pílásítà tútù kó lè tètè le kí wọ́n sì lè lọ sílé. Ojú yẹn á dán lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn oṣù kan á sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí àwọn ìlà tó wà lójú ẹrẹ̀ tó gbẹ. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ẹ ò fẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ kejì, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7. Lẹ́yìn náà ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 kí ẹ tó kùn ún. Ọ̀dà olómi tó ń jẹ́ kí ògiri mí ni kí ẹ lò. Ọ̀dà olóròóró àti èyí tó rí gbágungbàgun tó nípọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ògiri tí kò mumi rí.

Ìbéèrè: Wọ́n ti tún ògiri ìsàlẹ̀ ilé mi rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 4. Bí òjò bá ti dé, iyọ̀ á tún yọ dé orókún, ní gbogbo yàrá. Kò sí páìpù tó ń jò. Ẹni tó kọ́ ilé fún mi búra pé òun ṣe DPC. — Òǹkàwé kan, Àjàh

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ DPC yìí ń dá wàhálà sílẹ̀. Lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ wa, "ilé ti dé DPC" túmọ̀ sí pé wọ́n ti da German floor, kọnkéré tó tẹ́ lórí ìpìlẹ̀. Ìpele iṣẹ́ nìyẹn. DPC gan-an ni ọ̀rá dúdú tàbí ohun mìíràn tí omi kò lè gbà kọjá, tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ bùlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó dúró lórí kọnkéré náà, kí omi ilẹ̀ má lè gun ògiri. Ẹni tó kọ́lé fún yín lè máa sọ òtítọ́, kí ọ̀rá má sì sí níbẹ̀. Ilé púpọ̀ ló wà bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ tó yọ ní gbogbo yàrá, tó dé ibi kan náà, láìsí páìpù, jọ omi tó ń ti ilẹ̀ bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìta. Ilẹ̀ ìta gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú yàrá lọ. Ní ìhà yín, àwọn ènìyàn ń kó yanrìn kún àgbàlá lọ́dọọdún nítorí àkúnya omi, ilẹ̀ á sì ga títí yóò fi bo ibi tí ọ̀rá yẹ kó wà. Ẹ gbẹ́ ẹ kúrò lẹ́bàá ògiri, ẹ jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ lọ síta, kí omi òrùlé má máa dà sídìí ilé. Èyí nìkan ti tó fún ilé mìíràn.

Bí ìyẹn kò bá tó, ọ̀nà kan wà tí a ń gbà fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀rá náà sí i lẹ́yìn ìkọ́lé: a ó gbẹ́ ihò mìlímítà 12, sẹ̀ǹtímítà 12 síra wọn, sínú símẹ́ńtì tó wà láàárín bùlọ́ọ̀kù nísàlẹ̀ pátápátá, a ó sì fún ìpara tó ń lé omi sínú wọn. Ẹ ṣọ́ ẹni tó bá gbẹ́ ihò sínú bùlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Inú bùlọ́ọ̀kù wa ṣófo, ìpara náà á kàn dà sínú ihò rẹ̀ lásán. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ̀lé ohun tí a sọ fún ará Ìkòròdú, láti fífọ́ títí dé kíkùn.

Ẹ béèrè ibi tí yanrìn ti wá. Yanrìn tí wọ́n fà láti ẹ̀bá òkun tàbí ọ̀sà lè ní iyọ̀ nínú. Ẹ bu díẹ̀ sómi tó mọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó sọ̀, kí ẹ da omi rẹ̀ sórí àwo dúdú kó gbẹ. Bí funfun bá kù lórí àwo, iyọ̀ ni ẹ ti ń fi ọwọ́ ara yín rẹ́ mọ́ ògiri.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò lè kàn fi táìsì bo ibi tó rin, tàbí kí n fi POP (plaster of Paris) lọ̀ ọ́ dán? — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Rárá sí méjèèjì. Táìsì kò ní jẹ́ kí omi jáde níbẹ̀, omi á gun òkè kọjá rẹ̀, ẹ ó sì rí àbàwọ́n tuntun lókè táìsì. POP burú jù, torí bó bá mumi, á rọ̀, á sì máa bó bí èèpo. Ẹ lè fi POP lọ ògiri láti ìbàdí lọ sókè, níbi tí omi kò dé rí. Símẹ́ńtì tí wọ́n po oògùn tó ń lé omi mọ́ náà kò yàtọ̀ sí táìsì bí omi bá ṣì ń ti ilẹ̀ bọ̀.

Ìbéèrè: Ilé bàbá wa ní Ìbàdàn, alámọ̀ ni. Wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde láyé wọn. Ọ̀sọ̀rọ̀ òjò ti ń ba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́, a ti fi gọ́tà sí òrùlé báyìí. Símẹ́ńtì inú ti ya, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀. Kí la ó fi tún un rẹ́? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ gọ́tà yẹn, òun ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ má tún fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Amọ̀ ń wú bó bá mumi, ó ń sún kì bó bá gbẹ. Símẹ́ńtì kì í bá a lọ, kì í bá a bọ̀. Yóò ya, omi á gba ojú ibi tó ya wọlé, á sì há sẹ́yìn rẹ̀ títí amọ̀ yóò fi di ẹrẹ̀. Ohun tí ẹ rí lẹ́yìn èyí tó ya nìyẹn.

Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ amọ̀. Ẹ wá irú ilẹ̀ tí wọ́n fi mọ ilé náà, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ po ó mọ́ yanrìn àti koríko gbígbẹ tí ẹ gé sí sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3. Kò sí ẹni tó lè dúró sí ọ́fíìsì kó sọ iye yanrìn fún yín, torí ilẹ̀ kò dọ́gba. Ẹ dán an wò lára ògiri: amọ̀ 1 sí yanrìn 1, amọ̀ 1 sí 2, amọ̀ 1 sí 3, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ wò wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó sán, yanrìn rẹ̀ kéré. Èyí tó ń ṣí bí eruku bí ẹ bá fọwọ́ pa á, yanrìn rẹ̀ pọ̀ jù. Èyí tó dúró ni ẹ ó lò.

Ẹ ha gbogbo ẹrẹ̀ tó rọ̀ kúrò títí ẹ ó fi kan amọ̀ tó le, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i díẹ̀ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kí ìpele kọ̀ọ̀kan má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Bí ẹ bá sì rí i nígbà tí ẹ ń ha á pé ìsàlẹ̀ ògiri ti jẹ wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta nínípọn rẹ̀, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ kó gbogbo ènìyàn kúrò nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi igi gbé òrùlé àti ògiri náà dúró, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ ilé alámọ̀ dáadáa wá wò ó kí ẹ tó tún ha ohunkóhun kúrò lára rẹ̀.